Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ń Pe Màmá Wa

Èmi ni ọmọ kejì, orúkọ mi sì ni gbogbo ará ilé wa fi ń pe màmá mi. Yorùbá tó bá ka gbólóhùn yẹn ti mọ̀ pé nǹkan ń rùn níbẹ̀. Àkọ́bí la fi ń pe ìyá. Ìyá ì báà bí mẹ́wàá, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni orúkọ yẹn, àwa tó kù á wà lẹ́yìn. Àmọ́ nílé wa ní Fọlá Àgọ́rọ̀, èmi tó yẹ kí n wà lẹ́yìn ni mo jókòó sáyè ẹ̀gbọ́n mi, mo sì pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo gbàgbé pé àyè ẹlòmíì ni.

Mi ò ní dárúkọ kankan níbí o. Tèmi ti gbayì tó nínú ilé yẹn, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi náà, ojú ń tì mí láti máa gbé e kiri lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá fẹ́ pè é, Sistá ni n ó máa wí, torí ohun tí gbogbo wa ń pè é nìyẹn.

Nígbà tí a kó wọ ilé yẹn, Sistá ò sí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ ìyá màmá mi ló wà ní Ìjẹ̀bú. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni pé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń lọ ní Ṣómólú ní kó tún kíláàsì kan náà ṣe, ó tún un ṣe, wọ́n tún ní kó padà sí i. Tísà rẹ̀ wá dúró lójú gbogbo òbí lọ́jọ́ ìparí táàmù, ó ní orí ọmọ yìí ò gbàwé, kí màmá mi tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni màmá mi gbé e lọ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á ṣe é lóore. Afẹ́fẹ́ kọ́, atẹ́gùn ni. Ojú ló ń tì wọ́n.

Torí náà, èmi nìkan ni mo tẹ̀ lé wọn wọ ilé náà. Mo kéré, ẹnu mi ò sì dákẹ́. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, màmá àgbàlagbà kan tí kì í kúrò lójúde, bi mí pé kí ni mò ń jẹ́. Mo sọ orúkọ mi, mo sọ ọjọ́ orí mi, mo tún sọ ohun tí a jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn àti ẹni tí kò jẹ tiẹ̀ tán. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń fi orúkọ mi pe màmá mi. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù pè, màmá mi jẹ́, ó parí.

Bàbá mi ní tiwọn ti bọ́ nínú wàhálà yẹn tipẹ́. Ibi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni wọ́n máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́ ní Ṣómólú, wọ́n sì jẹ Alágbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, Alágbà náà ni tajá tẹran ń pè wọ́n.

Ìgbà tí ìyá màmá mi ṣaláìsí ni Sistá padà wá. Ó ti ga, ó ti di ọmọge, kì í sì í sọ̀rọ̀ lójú àlejò. Àwọn ará ilé wò ó, wọ́n rò pé ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ni, tí wọ́n mú wá láti ilé kó wá máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Màmá mi ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n kàn ń wa máṣíìnì ìránṣọ wọn lọ. Orúkọ gidi tí Sistá ń jẹ́, inú yàrá wa nìkan ló wà. Bó bá ti jáde síta, Sistá ni.

Kó tó lọ Ìjẹ̀bú, èèwọ̀ ni kí n sọ "o" sí i. Bí mo bá ní "gbé e wá" dípò "ẹ gbé e wá", màmá mi á gbá mi lẹ́nu, wọ́n á ní ṣé ẹgbẹ́ mi ni. Nígbà tó padà dé, mo dán an wò lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Dìde lórí àga kí n jókòó." Màmá mi wà nítòsí, wọ́n gbọ́ mi yékéyéké, wọn ò sọ nǹkan kan. Ọmọdé tètè ń gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, èmi ni mo di ẹ̀gbọ́n nínú yàrá wa. Sistá ò bá mi jà sí i. Òun nìkan ló ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe bí wa tẹ̀ léra, "àbúrò mi" ló sì ń pè mí fún gbogbo ẹni tó bá pàdé, tayọ̀tayọ̀. Kò tú àṣírí kankan, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi náà lè pè mí ní àbúrò.

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún màmá mi nípa iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì kan lọ́nà Bàríga, tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Kì í ṣe iléèwé tí wọ́n ti ń lé ìdánwò kiri. Ohun tí ènìyàn á fi dá dúró ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀: bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì, bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ, bí wọ́n ṣe ń sọdá títì, bí wọ́n ṣe ń sọ fún ènìyàn pé inú ń run àwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tó máa ń dì mọ́ gbogbo àlejò, òmíràn sì wà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun rárá, àwọn méjèèjì ló sì jókòó pa pọ̀ láìjà.

Màmá mi forúkọ Sistá sílẹ̀, àmọ́ bí ẹni ń jalè ni wọ́n ń mú un lọ. Ọ̀nà ẹ̀yìn, lápá Àkókà, ni wọ́n máa ń gbà kí ará ilé má bàa rí wọn. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, wọ́n rán an fúnra wọn, wọn ò sì lẹ báàjì mọ́ ọn láyà, wọ́n ní òwú rẹ̀ á máa yún ọmọ lára. Iléèwé tún fún un ní káàdì tí á máa fi kọ́rùn, nọ́ńbà fóònù wa wà lára rẹ̀. Àmọ́ orúkọ iléèwé hàn gàdàgbà lórí káàdì yẹn, nítorí náà inú dúrọ́ọ̀ màmá mi ló ń gbé. Mo mọ gbogbo eléyìí. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé mi ò mọ̀.

Níléèwé yẹn ṣá, orúkọ Sistá ni gbogbo tísà fi ń pe màmá mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pè wọ́n bẹ́ẹ̀, màmá mi wẹ̀yìn wò, wọ́n ń wá ìyá tí wọ́n ń pè. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rín ni mo rín.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ ni bí á ṣe sọ ẹni tí òun jẹ́. Láràárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú á dìde, á sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá rẹ̀, àdúgbò rẹ̀, àti ohun tó wà nítòsí ilé wọn. Tísà wọn ní ọmọ tó bá sọ nù, tó sì lè sọ ìyẹn fún ẹni tó rí i, á délé. Nọ́ńbà fóònù ò dúró lórí Sistá, bí a ṣe ń dà á sí i ló ń jò. Orúkọ ìyá àti àdúgbò ni wọ́n wá gbájú mọ́, ó sì gbà á ju ọdún kan lọ. Á fi àdúgbò síbi ìyá, á fi ìyá síbi mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ tó wá mọ̀ ọ́n, ó sọ ọ́ fún mi, ó sọ ọ́ fún Alágbà, ó sọ ọ́ fún dígí àti fún fáànù. Orúkọ òun rèé, Ìyá lágbájá ló bí òun, lágbájá náà sì ni òun fúnra òun, Fọlá Àgọ́rọ̀ ni ilé òun, ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò ráyè jẹun. Màmá mi ní kó rọra, kó má pariwo, inú yàrá ni kó ti máa sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ bí á ṣe máa dá wálé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ wù mí. Tísà kọ́kọ́ ń jókòó tì í nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Nígbà tó yá, tísà bọ́ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Nígbà tó tún yá, wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà sẹ́yìn, kí ẹ̀rù má bàa ba ọmọ lójijì. Níkẹyìn, wọ́n kàn ń fi í sínú kẹ̀kẹ́ ni, wọ́n á wá pe màmá mi lórí fóònù láti bi wọ́n bóyá ó ti délé. Ó sì máa ń délé. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lọ́nà, torí kẹ̀kẹ́ á dúró kó èrò, àmọ́ á dé.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, mo wà ní yunifásítì ní Àkókà, mo ní kíláàsì ọ̀sán. Àwọn tó ń gbẹ́ gọ́tà ti gé ọ̀nà tí Sistá mọ̀. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ yà gba ọ̀nà mìíràn, nígbà tó rí i pé ibẹ̀ náà ti dí, ó ní kí gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀, òun ò lọ mọ́. Èrò bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣépè, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Sistá ò mọ ibẹ̀. Ṣé ẹ rí ohun tó ṣe? Ohun tí wọ́n kọ́ ọ gan-an ló ṣe. Kò rìn kiri, kò sunkún. Ó wo ibi tí obìnrin àgbàlagbà ti ń ṣiṣẹ́, ó rí ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, ó lọ kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀, Fọlá Àgọ́rọ̀, ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn dáadáa. Iṣẹ́ tiẹ̀, ó ṣe é pé pérépéré.

Ìyá oníẹ̀rọ fún un ní àpótí kó jókòó. Wọ́n ní àwọn ò ní ní kí ọmọbìnrin tẹ̀ lé ọkùnrin lọ síbi tí àwọn ò mọ̀, kí ọkùnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ wá ìyá rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà rí mọ́ṣáláṣí, ó rí ilé. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Màmá mi wà nídìí máṣíìnì wọn, kò jìnnà sí ibi tó dúró sí rárá. Ó kí wọn, ó ní òun ń wá Ìyá lágbájá, orúkọ gidi tí Sistá ń jẹ́ ló sì pè. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ní kò sí ìyá tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Wọ́n ka gbogbo ìyá inú ilé fún un, wọ́n nawọ́ sí màmá mi, wọ́n pe orúkọ tèmi mọ́ wọn. Ọkùnrin náà ní kò burú. Ó ní bí wọ́n bá gbúròó obìnrin náà, kí wọ́n bá òun sọ fún un pé wọ́n ń dúró dè é nídìí ẹ̀rọ ata lẹ́yìn ọjà Bàríga. Kò mẹ́nu ba ọmọ tó sọ nù, kí ẹni tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ má bàa wá gbà á. Ó bá tirẹ̀ lọ. Màmá mi ń wa máṣíìnì.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni tísà pe fóònù wọn, pé ṣé ọmọ ti dé. Ọmọ ò tíì dé. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún dúró, lẹ́yìn náà ni màmá mi pè mí. Mo sá jáde ní kíláàsì, mi ò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo délé, gbogbo ará ilé ti wà lójúde, oníkálukú ń sọ ibi tó yẹ kí a kọ́kọ́ wá Sistá lọ, ẹnì kan ń sọ Fádèyí, ẹnì kan ń sọ àgọ́ ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ni ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ti wá rántí pé ọkùnrin kan yà síbí, tó béèrè ìyá kan, tó ní wọ́n ń dúró dè é nídìí ẹ̀rọ ata. Wọ́n pe orúkọ tó béèrè.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó jáde lẹ́nu ìyàwó lánlọ́ọ̀dù bí orúkọ àlejò. Mo wo màmá mi. Mo bi wọ́n bóyá wọn ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ ni.

"Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Mo rò pé ìyá ẹlòmíì ni."

Bí wọ́n bá ní àwọn ò gbọ́ ni, ì bá sàn fún mi. Mo fẹ́ bínú sí wọn, ìbínú náà ò wá, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Orúkọ yẹn ti di ti ìyá ẹlòmíì. Àwọn ará ilé ń wo ojú wa, wọn ò tíì mọ ohun tí a ń sọ, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ń béèrè pé ta wá ni lágbájá. Màmá mi wọ sálúbàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, a sì jáde.

A bá Sistá lórí àpótí, ó pa ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀, báàgì rẹ̀ wà lórí itan. Bó ṣe rí mi ló dìde. Ìyá oníẹ̀rọ nawọ́ dí i lọ́nà. Mi ò bá wọn wí. Èkó la wà, ẹni tó bá ṣèèṣì fa ọmọ lé ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni yóò ti sọ tẹnu ẹ̀. Wọ́n bi màmá mi bóyá àwọn ni ìyá tí ọmọ yìí dárúkọ. Màmá mi ní àwọn ni. Ìyá oníẹ̀rọ ní báwo ló ṣe jẹ́, ẹni tí àwọn rán dé ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ní kò sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo màmá mi tìfuratìfura. Ó ní òun dá wọn mọ̀, àwọn ni òun bá nídìí máṣíìnì, orúkọ mìíràn ni wọ́n pè mọ́ wọn fún òun.

Ìyá oníẹ̀rọ wá yíjú sí Sistá, wọ́n ní kó sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́.

Ó yẹ kí n sọ bí Sistá ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ fún yín. Bí ẹ bá ní ohun tó sọ kò tọ̀nà, kì í jiyàn. Á sọ ọ́ nù, á mú èyí tí ẹ bá ní ó tọ̀nà. Ó wà lórí àpótí yẹn nígbà tí ọkùnrin náà dé, tó ń ròyìn pé kò sí Ìyá lágbájá, pé ìyá ẹlòmíì ni wọ́n fi han òun, tó sì pe orúkọ mi. Sistá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo màmá mi dáadáa, ó rọra rò ó bó ṣe máa ń ro ìdáhùn ní kíláàsì. Kò bínú rárá.

"Màmá àbúrò mi ni," ló wí.

Àwọn tó wá lọ ata ti pé jọ. Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi pé ìyàwó bàbá ọmọ náà ni, pé ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ olọ́mọ. Ẹlòmíì ní kí a fi fọ́tò hàn bó bá jẹ́ pé àwa la ni ín. Mo ṣí fóònù mi, màmá mi ṣí tiwọn. Èmi rèé nínú aṣọ àwọ̀lékè lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wá wọlé sí yunifásítì. Èmi rèé pẹ̀lú màmá mi, èmi rèé pẹ̀lú Alágbà. Mò ń fọwọ́ ṣí fọ́tò lọ, mò ń ṣí i lọ, Sistá ò sí nínú ìkankan. Òun ni a máa ń gbé fóònù fún pé kó yà wá. Mo pa fóònù náà dé kí wọ́n má bàa rí i pé àwòrán ara mi nìkan ló kún inú rẹ̀.

Màmá mi tú gèlè wọn, wọ́n fi nu ojú. Wọ́n ní, "Èmi ni mo bí i. Òun ni àkọ́bí mi."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn níta rí. Wọn ò pariwo, àmọ́ gbogbo èèyàn gbọ́. Ìyá oníẹ̀rọ bi wọ́n pé kí ló wá dé tí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà kò fi mọ̀. Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, èmi tí mò ń bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn ní Àkókà, mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Kí ni n ó sọ? Pé wọ́n fi orúkọ mi rọ́pò ti ẹ̀gbọ́n mi, pé ó sì dùn mọ́ mi? Ilẹ̀ ibẹ̀ rin fún omi ata. Mò ń wo ilẹ̀.

Tísà ló yọ wá. Màmá mi ti fi fóònù sọ ibi tí à ń lọ fún wọn, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ lódìkejì títì, wọ́n ń ké pe màmá mi láti ọ̀ọ́kán, orúkọ Sistá ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Màmá mi yára jẹ́, kíákíá. Ìyá oníẹ̀rọ gbọ́ orúkọ náà, wọ́n wo tísà, wọ́n wo màmá mi, wọ́n sì gbé ọwọ́ wọn kúrò lọ́nà. Wọn ò bú wa. Wọ́n gba ọpẹ́, wọ́n ní kí a kú ewu, wọ́n sì ní kí Sistá máa gbádùn. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n bá ṣeré ni Sistá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá mi lọ bá ìyàwó lánlọ́ọ̀dù, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo gbọ́ tí ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ń sọ "Háà, háà" lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó fi wá ṣẹ̀sín lójú wa. Wọ́n tiẹ̀ gbìyànjú. Wọ́n pinnu pé orúkọ Sistá ni àwọn á máa fi pe màmá mi láti ìsinsìnyí. Ẹnu wọn ò gbà. Ẹni tó bá pè é láàárọ̀ á ti gbàgbé lọ́sàn-án, á ní "ẹ má bínú o", á tún pe tèmi. Èyí tó wá burú jù ni ti màmá mi fúnra wọn. Ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pe Ìyá lágbájá, ó pè é sókè, pẹ̀lú orúkọ Sistá. Màmá mi ń wa máṣíìnì lọ. Ó tún un pè. Wọ́n ń wà á lọ. Àwọn ayálégbé rẹ́rìn-ín. Nígbà tí màmá mi gbójú sókè tí wọ́n rí ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iléèwé ránṣẹ́ sí wa. Tísà fún wa ní ìjókòó, wọ́n bá wa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sí ẹ̀gàn kankan níbẹ̀. Wọ́n ní Sistá ń sọ Ìyá lágbájá lónìí, ó tún ń sọ "màmá àbúrò mi" lọ́la, kò dá a lójú mọ́. Wọ́n ní ẹyọ orúkọ kan ṣoṣo ló lè dúró lórí rẹ̀, ohun tó bá sì sọ níta gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àdúgbò yóò dáhùn sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò wúlò. Wọ́n wá bi màmá mi pé èwo ni kí àwọn kọ́ ọ.

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mò ń dúró kí wọ́n sọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ń sọ ọ́ nínú mi, kí wọ́n sáà sọ ọ́, kí wọ́n ní kí tísà kọ́ ọ ní tirẹ̀, àwa la máa lọ kọ́ àwọn ará ilé. Màmá mi ń ká etí ìborùn wọn, wọ́n ń tú u.

"Ẹ kọ́ ọ ní ti àbúrò ẹ̀," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ni wọ́n á fi rí mi."

Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní ni pé òótọ́ ni. Bó bá tún sọ nù lọ́la ńkọ́? Bí wọ́n bá bi mí, ohun kan náà ni ǹ bá sọ. Tísà mi orí, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. A bọ́ síta, a wọ kẹ̀kẹ́ tí gbogbo ayé ń wọ̀, a gba ojú títì délé ní ọ̀sán gangan, kò sí ẹni tí a sá fún mọ́. Káàdì ti kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ó wà lọ́rùn Sistá. Gbogbo ìyẹn dára. Kò mú ìtìjú náà fúyẹ́ fún mi.

Kò pẹ́ tó ti àkọ́kọ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Sátidé kan, ó dúró lójúde níwájú gbogbo ará ilé, kò sẹ́ni tó ní kó rọra mọ́. Ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ Ìyá tèmi ni òun, ó pe orúkọ mi já gaara, ó ní Fọlá Àgọ́rọ̀ ni ilé òun, ilé tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Kò fo nǹkan kan. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù fún un ní ẹ̀pà. Màmá mi náà pàtẹ́wọ́ nídìí máṣíìnì wọn, wọn ò gbójú sókè.

Nígbà tí èrò túká, Sistá wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó fún mi nínú ẹ̀pà rẹ̀. Ó tẹ ẹnu mọ́ mi létí kí ẹlòmíì má bàa gbọ́, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bínú pé òun ń lo orúkọ mi.

Mo ní mi ò bínú.